Abẹ́rẹ́ Inú Ọṣẹ Dúdú

Nílé tí wọ́n ti bí Salamot, ní Ẹdẹ, wọn kì í ra ọ̀já lọ́jà fi pọn ọmọ tuntun. Ìyá ìyá ọmọ ni yóò gé e lára ìró tó fi pọn ìyá ọmọ náà nígbà tí ìyẹn wà ní ìkókó. Ọwọ́ ni yóò fi rán an, kò ní gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Kò gbọdọ̀ gé e kí wọ́n tó bí ọmọ, nítorí a kì í ránṣọ de ẹni tí a ò tíì rí. Tó bá sì ti gé e, kò gbọdọ̀ gbé e wọlé ọlọ́mọ láìtíì parí. Wọ́n ní ọ̀já tí kò parí ní í já ọmọ sílẹ̀. Salamot mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú Kùránì. Ó ti wá a débẹ̀. Ó tiẹ̀ bi Álífà mọ́sálásí wọn nígbà kan. Álífà ronú títí, ó ní kí ìyá ṣáà máa fi Bísímílà rán tirẹ̀. Èsì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi tẹ́ Salamot lọ́rùn.

Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àṣà kékeré yìí yóò mú òun dúró láàárín pápákọ̀ òfurufú Johannesburg bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Hamidah ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Salamot bí. Yunifásítì tó wà ní Auckland Park ní Johannesburg, ìlú tí wọ́n ń gbé, ló ti pàdé Fúnṣọ́, ọmọ Iléṣà, ẹnjiníà, ọmọlúàbí tí kò ní àbùkù kankan lójú Salamot àfi ọ̀kan: ọjọ́ Àìkú ló ń lọ jọ́sìn. Alhaji Múdàṣírù, bàbá Hamidah, tó ń ta táyà ní Rosettenville ládùúgbò wọn, ní ojú òun kọ́ ni ọmọ òun yóò ti fẹ́ onígbàgbọ́. Hamidah fẹ́ ẹ ní kóòtù. Wọ́n kó lọ sí Èkó. Ọdún méjì gbáko, ẹ kú àárọ̀ ò kọjá láàárín ìyá àti ọmọ, àfi kí Tesleem, àbúrò Hamidah, máa gbé ìròyìn kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń gba ojú fèrèsé gbé oúnjẹ fún ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni fóònù Salamot dún. Ohùn tí Hamidah gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Mummy, mo ti bí o. Obìnrin ni. Ẹ wá pọ̀n ọ́n fún mi kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ."

Salamot gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, títí bátìrì fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Múdàṣírù ní òun ò lọ síbì kankan, ẹni tó bá mọ ọ̀nà ni kó máa lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́rú tí ìyàwó rẹ̀ ń jáde, ó tẹ̀lé e dé géètì, ó ń wo táyà mọ́tò Tesleem bí ẹni pé táyà ló gbé òun jáde.

"Tó o bá débẹ̀," ó ní, "bá mi wo imú ọmọ náà dáadáa."

"Kí ni ti imú, Alhaji?"

"Ìwọ ṣáà wò ó. Bóyá tiwa ni."

Láàárín Jímọ̀ sí Ọjọ́rú yẹn, Salamot ti gé ọ̀já. Ìró àdìrẹ ni, èyí tó fi pọn Hamidah kọjá lábẹ́ gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó, tó wà ní Rosettenville nínú òtútù oṣù kẹfà, tí aró rẹ̀ ti ṣí títí ó fi dà bí ojú sánmà lẹ́yìn òjò. Ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí i nínú, ó ń rán an ní ìlà-ìlà kó lè nípọn lẹ́yìn ọmọ. Àwọn oníbàárà ni kò jẹ́ kó rímú mí: ẹni kan fẹ́ gba aṣọ ilé-ìwé, ẹni kan fẹ́ gba kọ́tìn, kò sì sí èyí tó bímọ nínú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Salamot ní kò burú. Nínú ọkọ̀ òfurufú, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn pé Ìyá Hamidah, aṣọ mi dà? Kí wọ́n tó balẹ̀ l'Ékòó, òun á ti fi eyín já òwú rẹ̀.

Àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n máa ń wà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Òṣogbo kì í gún abẹ́rẹ́ sára aṣọ tàbí sínú tìmùtìmù kékeré bíi tàwọn télọ̀ mìíràn. Ọṣẹ dúdú ló máa ń yí róbótó bí ẹyin, á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, á gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, á sì wé òwú dúdú yí i ká. Abẹ́rẹ́ kì í dípẹtà níbẹ̀, tó bá sì jáde, á máa yọ̀ wọ inú aṣọ tó ki bí ẹja ṣe ń wọ inú omi. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Salamot ti ń ṣe é láti ìgbà ọmọge, kò rí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Ó wé e sínú ọ̀rá, ó gbé e sínú agolo bisikíìtì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì, ó gbé agolo sínú báàgì ọwọ́.

Nínú mọ́tò, Tesleem wo agolo náà láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Mummy, scissors? In your hand luggage? Please. Ẹ kó o sínú báàgì ńlá."

"Báàgì ńlá tó lọ sí Nairobi nígbà tí èmi ń lọ sí Èkó níjelòó? Kó tún bá mi gbé ọ̀já ọmọ lọ kí àwọn ará ibẹ̀?"

"And that soap thing. Eish, Mummy. It looks somehow."

"Ojú rẹ ló rí somehow. Ọṣẹ ni. Ohun tí mo fi wẹ̀ ọ́ nìyẹn tí o fi mọ́ tó báyìí."

Tesleem rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, ó dì mọ́ ọn. "Shap, Mummy. Call me when you land."

Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ni Salamot ti rí Dókítà Láyọ̀. Ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́ ni, àgbà dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Johannesburg, obìnrin gíga tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbìkan. Kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ wọ̀: ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ sọ lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti fojú kanra rí, nígbà tí àwọn ará ilé Fúnṣọ́ wá sí Rosettenville láti wá tọrọ ọmọ. Múdàṣírù fún wọn ní àga. Kò fún wọn lómi.

Salamot tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní kí òun kí i. Àna ni àna ń jẹ́. Bí ó ti gbésẹ̀ ni Dókítà Láyọ̀ gbé fóònù sétí, ó kọ ojú sí ògiri. Fóònù náà ò dún. Salamot rí i pé kò dún.

Ó padà sáyè ara rẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Àwa náà la kọ́kọ́ kọjú sógiri."

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà onírin han nígbà tí Salamot ń gbà á kọjá. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ tọ́ ọ lára, ó bá píìnì tó fi di ìborùn mú, ó ní píìnì ló ń dún, ó ní kó máa lọ. Salamot dúpẹ́. Ṣùgbọ́n báàgì rẹ̀ kò jáde látinú ẹ̀rọ. Ó wọlé, ó padà sẹ́yìn, ó tún wọlé. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ náà pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì tẹ ojú mọ́ ọn.

"Mama, ta ló ni báàgì yìí?"

"Tèmi ni, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin onírun dídì kan ṣí agolo bisikíìtì. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ní èyí ò lè lọ. Ó dun Salamot, ṣùgbọ́n ó gbà. Eyín òun ṣì wà lẹ́nu. Ọmọbìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi í sílẹ̀. Ó wá tú ọ̀rá.

Abẹ́ iná funfun tó wà níbẹ̀ yẹn ò bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ náà jókòó sórí tábìlì, ó dúdú, ó ń dán, abẹ́rẹ́ yọrí lára rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀, òwú dúdú wé e yí ká, yí ká. Ọmọbìnrin náà fò sẹ́yìn.

"Yho! Mama! Ṣé mútì ni?"

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Johannesburg mọ mútì: òògùn ni, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Salamot gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bojú wo ọṣẹ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó rí i bí ẹlòmíràn ṣe ń rí i. Ká sọ tòótọ́, bí ó bá bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, òun náà á pariwo Aúsù bílláhì, á sì fi ìgbálẹ̀ gbá a.

"Ọṣẹ ni," ó ní. "Ọṣẹ abẹ́rẹ́. Mo jẹ́ télọ̀."

"Ọṣẹ wo ló ń jẹ abẹ́rẹ́, Mama?"

Wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọkùnrin olójú pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n kọ Johnson sí láyà. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Kò jágbe. Ó bi í bí èèyàn ṣe ń bi ìyá ẹni léèrè.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ fi rán nǹkan ọmọ."

"Ọmọ dà?"

"Ó wà l'Ékòó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni."

"Ọmọ tuntun," Johnson ní, ó tún wo ọṣẹ náà, ojú pẹ̀lẹ́ rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Salamot rí i pé ńṣe ni òun ń fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ kòtò náà jìn sí i. Gbogbo ohun tó ń sọ ló jẹ́ òtítọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rùn.

Johnson gbójú sókè. Dókítà Láyọ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà onírin, ó ń wọ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé bíi ti Salamot wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́. Ìlú kan náà lẹ ti wá. Ṣé ẹ mọ nǹkan yìí?"

Dókítà Láyọ̀ wá. Ó wo ọṣẹ. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó wo ọ̀já àdìrẹ tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ bá mi sọ fún wọn," Salamot ní, Yorùbá ló fi sọ ọ́. "Ọṣẹ dúdú ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ọṣẹ dúdú."

"Mo mọ ọṣẹ dúdú, Mà. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni mi ò mọ̀." Ó yíjú sí Johnson, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: "Mi ò rí i rí. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ nílé wa."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Irọ́ kọ́ ló pa. Ká ní irọ́ ló pa ni, Salamot ì bá rí nǹkan dì mú láti fi bínú.

Salamot bu díẹ̀ lára ọṣẹ náà, ó fi ra ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n wò ó, kò pa òun. Ṣùgbọ́n omi ò sí níbẹ̀. Ọṣẹ tí kò rí omi, àbàwọ́n lásán ni. Johnson fi ìbọ̀wọ́ gbé gbogbo rẹ̀, ọṣẹ, abẹ́rẹ́, òwú, sísọ́ọ̀sì, ó jù wọ́n sínú ike ìdọ̀tí. Wọ́n dún gbì. Gbogbo Bísímílà tí Salamot ti kà sórí abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, inú ike ni wọ́n bọ́ sí, láàárín ìgò omi àti ìpara àwọn èèyàn.

"Ẹ máa lọ, Mama," Johnson ní. "Ẹ kú orí ire. Ẹlòmíràn ì bá ti pe ọlọ́pàá."

Ó dá ọ̀já padà fún un, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì lanu sílẹ̀.

Nígbà tí Salamot dé ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, Dókítà Láyọ̀ ti wà níbẹ̀ lórí fóònù, lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan ń dá a lóhùn níbẹ̀. Bó ṣe rí Salamot, ó yí ohùn sí Ìjẹ̀ṣà, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà méjì ni Salamot bá sùn lórí ẹní kan náà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn kò tì mọ́ ọn. Ó gbọ́ pé ìyá Fúnṣọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọṣẹ dúdú, ó gbọ́ òwú dúdú, ó gbọ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé ti ọmọ ni, pé kí wọ́n má jẹ́ kó fi ohunkóhun wẹ̀ ẹ́.

Ó jókòó. Ó ń ka àdúrà Hásíbíyà Lọ́ọ̀hù sínú. Kò tíì kà á dé ìdajì nígbà tí fóònù tirẹ̀ gbọ̀n.

"Mummy, kí ló ṣẹlẹ̀ ní airport?" Hamidah ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó jọ pé balùwẹ̀ ló wà. "Màmá Fúnṣọ́ ń sunkún. Wọ́n ní ẹ ò ní gbé e, ẹ ò ní pọ̀n ọ́n, títí pásítọ̀ á fi wá gbàdúrà sí gbogbo ẹrù yín. Mummy, I told them it's not true. Kì í ṣe òótọ́, àbí? Ẹ má kó nǹkan kan wá mọ́. Ẹ kàn máa bọ̀."

Àbí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló wọ Salamot lára ju ike ìdọ̀tí lọ. Ọmọ tó fi ọṣẹ yẹn wẹ̀, tó fi abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ránṣọ fún láti kékeré, ló ń bi í ní àbí.

Ó ronú àtipadà sílé. Ó ronú bí Múdàṣírù ṣe máa dúró lẹ́nu géètì tí kò ní sọ nǹkan kan, tí kò ní béèrè imú. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi etí ìborùn nu ojú, nǹkan kan sì ta á léjìká.

Abẹ́rẹ́ ni. Láàárọ̀, nígbà tó ń kánjú tí wọ́n pè é kó wá jẹun, ó ti gún un sí èjìká ẹ̀wù rẹ̀ lábẹ́ ìborùn, bíi télọ̀ gbogbo ayé, ó sì gbàgbé. Ọmọbìnrin tó tọ́ ọ lára ti rò pé píìnì nìkan ló wà níbẹ̀.

Salamot mú un dání, ó ń wò ó. Tó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe? Wọ́n ti ní kó má kó abẹ́rẹ́ lọ, abẹ́rẹ́ sì ti bá a dé bí. Kò lè fi ohun tó jí gbé rán ọ̀já ọmọ. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa wọlé, ó nà án sí ọmọbìnrin tó ń gba ìwé.

"Ọmọ mi, mo bá èyí lára aṣọ mi. Ṣé mo lè mú un wọlé, àbí kí n kó o fún yín?"

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ kan, Mama? Ẹ máa lọ jókòó, jàre."

Ìgbà yẹn ló yé Salamot pé abẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n kọ̀ fún un.

Abẹ́rẹ́ wà, òwú ò sí. Nínú ọkọ̀, ó tú fọ́nrán gígùn kan láti etí ọ̀já náà fúnra rẹ̀. Ó lá a, ó fi í wá ojú abẹ́rẹ́. Kò rí i. Ìkánjú ti jẹ́ kó gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ sínú báàgì ńlá, báàgì ńlá sì wà níbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ó gbìyànjú títí omi fi kún ojú rẹ̀. Ó wo ẹni tó jókòó tì í, ó ti sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó wo iwájú. Láàárín àwọn orí tó wà níwájú, ó rí gèlè Dókítà Láyọ̀.

Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń di àga mú, ó rìn débẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú ìjókòó."

"Ẹ kú u, Mà." Kò gbójú sókè.

"Mo wá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ni. Ẹ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí. Ojú mi ò gbé e mọ́."

Dókítà Láyọ̀ wo abẹ́rẹ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ṣé ọ̀kan nínú ti inú ọṣẹ yẹn ni?"

"Tinú ọṣẹ wà lọ́wọ́ Johnson. Èjìká mi lèyí wà. Ó ti gún mi, ẹ̀jẹ̀ mi ló kọ́kọ́ tọ́ wò. Tó bá jẹ́ ohun burúkú, èmi ló ti mú. Mo gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, Dókítà."

Dókítà Láyọ̀ fa aṣọ ìbora náà sókè.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ dé orí wíwẹ̀ ọmọ."

Dókítà Láyọ̀ wá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mà, lọ́jọ́ tí a wá sílé yín, oòrùn mú o. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ ò fún wa lómi."

"Mo bu omi náà," Salamot ní. "Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Alhaji wò mí, mo gbé e padà."

Kò ní òun bẹ̀bẹ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀, á jọ òwò. Ó kàn dúró, ó na abẹ́rẹ́ síwájú, ọkọ̀ ń mì í bọ̀, ń mì í lọ, títí Dókítà Láyọ̀ fi yọ ọwọ́ kan jáde. Ó gba abẹ́rẹ́. Ó gbé e sókè sí iná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi òwú bọ̀ ọ́.

"Ara èèyàn lèmi ń rán níbi iṣẹ́," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ fi ń gún un sínú ọṣẹ?"

"Kó má dípẹtà. Kó sì lè máa yọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkùukùu tó wà lójú fèrèsé. "Mi ò lè pè wọ́n níbí, Mà. Ó di ìgbà tí a bá balẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ti balẹ̀ ṣáájú wa," ni Salamot wí, ó sì padà lọ sí àyè rẹ̀.

Ó rán ọ̀já náà. Ó rán an bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ó ń ní Bísímílà. Gbogbo ìgbà tó bá jáde, ó ń rántí àbí. Abẹ́rẹ́ náà kò yọ̀ mọ́, nítorí kò sí ọṣẹ lára rẹ̀. Ńṣe ló ń fa aṣọ bí ọmọ tó kọ̀ láti lọ sílé-ìwé. Òwú tán nígbà mélòó kan, ìgbà tó bá sì tán, yóò tú òmíràn lára ọ̀já, yóò tún rìn lọ síwájú, Dókítà Láyọ̀ yóò sì na ọwọ́ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń kéde pé kí àwọn èèyàn di ara wọn mọ́ àga nígbà tó ta kókó ìgbẹ̀yìn, tó fi eyín já a.

Níbi tí wọ́n ti ń retí ẹrù l'Ékòó, Dókítà Láyọ̀ pe ìyá rẹ̀. Salamot dúró lókèèrè, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó tún sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe abẹ́rẹ́ nínú afẹ́fẹ́ fún ẹni tí kò rí i. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Màmá ò gbọ́. Wọ́n ní ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni mo rí, pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí mi lórí nínú ọkọ̀." Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé ọ̀já yẹn wá, Mà. Èmi ni n ó gbé e wọlé. Tó bá wá láti ọwọ́ mi, wọn ò ní lè jù ú nù."

Salamot di ọ̀já náà mú. Ní Ẹdẹ, ọwọ́ ìyá ìyá ọmọ ló gbọdọ̀ gbé e wọlé. Bí ó bá kó o sílẹ̀ báyìí, kò dá a lójú bóyá ìrànlọ́wọ́ ni àna òun ń ṣe, àbí ńṣe ni wọ́n tún ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun lẹ́nu ọ̀nà kejì. Ó rántí omi tó gbé dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó gbé ọ̀já náà lé ọwọ́ Dókítà Láyọ̀.

Fúnṣọ́ wá gbé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó kí i tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbé báàgì rẹ̀ sínú mọ́tò, ìka méjì péré ló fi mú etí rẹ̀.

Nílé, ìyá Fúnṣọ́ jókòó sórí àga pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, aṣọ funfun bò ó dé orí. Ó dá Salamot lóhùn ìkíni, kò ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ. "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Mà. Ọṣẹ wà nílé o, ẹ má ṣèyọnu rárá." Hamidah wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti rù, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sáré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e.

Dókítà Láyọ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rìn kọjá gbogbo wọn, ó fi ọ̀já lé Hamidah lọ́wọ́. Hamidah tú u. Ó fi ọwọ́ pa àdìrẹ náà, ó gbé e sí imú. Ìró tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Kò béèrè àbí kankan mọ́. Ó rìn lọ síbi àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Hamidah," ni ìyá Fúnṣọ́ wí, "a ti ní kí pásítọ̀ kọ́kọ́ dé ná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Kí pásítọ̀ wá bá a lẹ́yìn Mummy mi." Ó yíjú. "Mummy, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Salamot bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ tí ìyá Fúnṣọ́ ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé ọ̀já náà. Ó rọra ka Bísímílà tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí àdúrà méjì má baà jà lórí ọmọ kan. Ohun kékeré kan tó gbóná tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Hamidah fa ọ̀já yípo, ó so ó, ó fà á wò, kò tú.

Salamot dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo pálọ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀, ibi tó bá kàn, ojú ìyá Fúnṣọ́ á tẹ̀lé e débẹ̀. Ó mọ̀ pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn, lónìí àti ní ọ̀la, bóyá títí ọmọ náà á fi rìn. Ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ìdí ọmọ níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Múdàṣírù á ti máa retí ìpè. Salamot kò sì ní mọ ohun tó máa sọ fún un, nítorí kò tíì rí imú ọmọ náà: ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ wà.